Ìdámẹ́rin Àyípo

…ìdámẹ́rin àyípo ni. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọwọ́ aago ṣe ń ti méjìlá dé mẹ́ta. Mi ò gé nǹkan kan, mi ò fọ́ nǹkan kan. Bóòtù méjì ló so irin ìbọn mọ́ igi rẹ̀, mo dá ti iwájú padà díẹ̀. Díẹ̀. Ṣé ìyẹn náà la ń pè ní ìwà ìkà? Bóòtù a máa dẹ̀ fúnra rẹ̀. Láti ilé mi ní Etobicoke dé pápá yìí, kòtò ló kún ojú ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni lè sọ pé mọ́tò ló mì í títí tó fi dẹ̀. Èmi gan-an lè sọ bẹ́ẹ̀, màá sì gba ara mi gbọ́.

Ó ti ń dùbúlẹ̀.

Doyinsọ́lá, àbúrò mi, ọmọ bàbá mi. Ìyá tèmi kọ́ ló bí i. Ó ti tẹ́ ẹní rẹ̀ sórí koríko, ó ti dojú bolẹ̀, ó ti fi okùn awọ de apá òsì mọ́ ìbọn. Pátákó tó fẹ́ yìnbọn sí ń bẹ lọ́hùn-ún, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún mítà. Láti ibi tí mo jókòó sí, bí èékánná ọmọ ìkókó ló rí. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́, lórí àga kékeré, awò awọ̀nàjíjìn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta níwájú mi, ìwé èsì lórí itan. Iṣẹ́ mi ni kí n wo ibi tí ọta bá, kí n pe iye rẹ̀, kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń kọ èsì ò gbọdọ̀ bá ẹni tó ń yìnbọn sọ ju iye lọ. Kò gbọdọ̀ mẹ́nu ba afẹ́fẹ́. Kò gbọdọ̀ mẹ́nu ba ìbọn. Òfin ni.

Òfin tó dára. Mi ò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu.

Ọta méjì fún àyẹ̀wò, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún èsì; márùn-ún ni iye tó ga jù fún ọta kan. Ẹni méjì péré ni wọ́n máa mú lónìí sínú ẹgbẹ́ tó ń lọ díje ní Ottawa, ipò kejì sì ni Doyin wà láti àárọ̀. Èmi ti yin tèmi. Ipò kejìdínlógún. Nínú ogún. Ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń bọ̀ níbí, nínú òjò, nínú ẹ̀fọn, ipò kejìdínlógún. Òun, ọdún mẹ́ta.

Ẹ̀yìn rẹ̀ gòkè, ó sọ̀kalẹ̀. Ó dúró —

Ìbọn dún.

Pátákó wọlẹ̀. Àwọn tó wà nínú kòtò lọ́hùn-ún ń wá ihò ọta báyìí, wọ́n á ki àmì aláwọ̀ bọ̀ ọ́, wọ́n á tún gbé pátákó sókè. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Nígbà mìíràn, ogún. Ó ti gòkè.

Márùn-ún.

Márùn-ún? Láàárín gbùngbùn? Mo tún fi ojú mọ́ awò. Márùn-ún ni. Mo pè é. Ẹnu mi pè é bí ẹni pé inú mi dùn.

Èkejì. Márùn-ún.

Àbí mo ti dè é padà tí mo gbàgbé? Rárá. Mo mọ ọwọ́ mi. Ó ń bọ̀. Irin tó dẹ̀ kì í sọ fúnni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ jókòó sí àyè rẹ̀ bí àlejò tó mọ̀wà hù. Tó bá ti gbóná, tí ìtagìrì ìbọn ti tì í lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀márùn-ún, á bẹ̀rẹ̀ sí í sún. Ọta yìí, ibí. Ọta tó tẹ̀ lé e, ọ̀hún. Kò ní sẹ́ni tó máa mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Òun náà ò ní mọ̀.

Kí ló tiẹ̀ ń retí? Lẹ́yìn ohun tó sọ lójú gbogbo èèyàn… Níbi oúnjẹ ẹgbẹ́ ayìnbọn wa. Èèyàn bí ọgbọ̀n. Ọkùnrin kan bi í pé ta ló ń bá a tún ìbọn ṣe tó fi ń ta geere báyìí. Ó nawọ́ sí mi pẹ̀lú fọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀.

“That's my brother o. He turns the screws. Me, I only do the small part: I hit the target.”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Juliana, obìnrin tó ń yìnbọn ní ẹ̀gbẹ́ wa, rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Doyin wá yíjú sí mi, eyín funfun: “Àbí, Bọ̀dá mi?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.” Mo rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín pẹ́ jù.

Iṣẹ́ kékeré. Ó ní iṣẹ́ kékeré lòun ń ṣe, ó ń ṣe àwàdà, gbogbo wọn sì mọ iṣẹ́ ẹni tó pè ní kékeré. Èmi tí mo ń gé irin ní ilé iṣẹ́ kan ní Vaughan láti aago méje àárọ̀, tí àṣìṣe mi ò gbọdọ̀ tó ìnípọn irun orí. Ọmọ ẹni tó ń tún ìbọn ọlọ́pàá ṣe ní Ẹlẹ́yẹlé, n'Íbàdàn, fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jókòó ti ìbọn ọmọ yẹn. Mo yọ irin kúrò lára igi. Mo fi abẹ ha inú igi títí kò fi sí ibi tó ta gbọ̀n-ọ́n. Mo da gọ́ọ̀mù onírin tó ń le bí òkúta sí i, mo tẹ́ irin lé e lórí, mi ò fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ méjì. Bí ẹni tẹ́ ọmọ sùn. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí bóòtù yẹ kó le dé. Sípánà mi ní ojú tó ń ka agbára ọwọ́. Mo dè é dé ogójì, a gbé e lọ sí pápá, a yin ọta márùn-ún. Ó fọ́n ká. Márùndínláàádọ́ta, ó sàn díẹ̀. Àádọ́ta. Márùndínlọ́gọ́ta… Ọlọ́run. Ọta márùn-ún, ihò kan. Owó ẹyọ tó kéré jù ní Kánádà bò ó mọ́lẹ̀.

Ó pariwo. Ó fò mọ́ mi lọ́rùn. “Bọ̀dá mi! Kí lẹ ṣe sí i?”

Ìbọn tó dára jù lọ tí mo tún ṣe láyé mi, mi ò tún un ṣe fún ara mi.

Ọta kìn-ín-ní fún èsì: márùn-ún. Mo kọ ọ́. Èkejì: márùn-ún. Àwọn àsíá tó ń sọ ti afẹ́fẹ́ rọ̀ sílẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Ojú ọjọ́ náà ń tì í lẹ́yìn. Gbogbo nǹkan ló máa ń ti Doyin lẹ́yìn. Ẹ̀kẹta…

Mẹ́rin.

Ó bẹ̀rẹ̀.

Mẹ́rin, ní apá òsì. Mo pè é. Mo ń wo etí rẹ̀ láti ẹ̀yìn, mo rí i tó wo àsíá. Afẹ́fẹ́ ló rò pé ó jẹ̀bi. Ó yí ojú ìbọn sí ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan. Rò bẹ́ẹ̀, jàre. Wo àsíá dáadáa. Àsíá kan wà níbẹ̀ tí o ò lè rí.

Mo lè rẹ́rìn-ín báyìí, kò sẹ́ni tó ń wò mí.

Òfin pápá sì tún ní kí olúkúlùkù yẹ bóòtù ìbọn rẹ̀ wò kó tó dùbúlẹ̀. Gbogbo wọn ló ń ṣe é. Láàárọ̀ yìí Juliana jókòó sẹ́yìn mọ́tò rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀, sípánà lọ́wọ́, ó ń yẹ tiẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ ọkọ rẹ̀ ló tún un ṣe fún un. Ó ní ọgbọ̀n ọdún lòun ti fẹ́ ẹ, òun ṣì ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ó na sípánà sí Doyin. “Check yours, love.”

Doyin ní, “My brother did mine.”

“So?”

“So I don't check my brother.”

Juliana gbójú sókè, ó wò mí. Ó ní, “Lucky man.”

Mo ń di okùn bàtà mi nígbà yẹn. Mo dì í pẹ́.

Ẹ̀kẹrin: márùn-ún. Dúró… márùn-ún, ṣùgbọ́n lápá ọ̀tún pátápátá, díẹ̀ ló kù kó bọ́ síta. Nítorí ó ti yí ojú ìbọn. Ó ń lé ohun tí kò sí níbẹ̀. Ẹ̀karùn-ún: mẹ́rin, lókè. Lókè! Afẹ́fẹ́ kì í gbé ọta lọ sókè báyìí, ó yẹ kó mọ̀, èmi ni mo kọ́ ọ. Ronú, ìwọ ọmọ yìí. Kí ló ń gbé ọta lọ sókè, sósì, sọ́tùn-ún, láìsí ètò? Èmi ni mo sọ fún un, lórí koríko yìí kan náà, lọ́dún kìíní: tí ọta bá ń rìn kiri bí ewúrẹ́ tó já okùn, má wo ojú ọ̀run, wo bóòtù rẹ.

Kò ní wò ó.

Bàbá ló bà á jẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà yẹn. Mo tún ṣéènì kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe fún un ní ẹ̀yìnkùlé. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ìka fa ṣéènì náà wò bóyá ó le. Bàbá rí i láti ojú fèrèsé.

“Ta ló ṣe é?”

“Bọ̀dá mi ni, sà.”

“Bọ̀dá rẹ ló ṣe é, o tún ń yẹ̀ ẹ́ wò lójú rẹ̀? Ṣé ọ̀tá rẹ ni?”

Ó sunkún. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ mí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó ń bẹ̀ mí, èmi ọkùnrin ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, pé òun ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Kò sì ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ogún ọdún. Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó gba ìwé, ó gba oògùn lọ́wọ́ mi, kò wo ìdí ohun kankan rí. Nígbà tó wá gba ìbọn yìí nílé mi, ní Etobicoke, níwájú lífìtì àjà kẹrìnlá, ó kúnlẹ̀ kó tó na ọwọ́ méjèèjì sí àpótí rẹ̀. Aládùúgbò mi ń jáde pẹ̀lú ajá rẹ̀, ó dúró, ó ń wò wá. Doyin ò dìde. “Ẹ ṣé, Bọ̀dá mi. Ọlọ́run á fún yín lágbára sí i.”

Mo ní àmín.

Àárọ̀ àná nìyẹn. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Kó tó lọ síbi iṣẹ́, torí ó ní kí òun tètè bá ọkọ̀ ojú irin padà sí Ajax, níbi tó ń gbé báyìí, àwọn aláìsàn ń dúró de òun. Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ ẹgbẹ́ ní ìrọ̀lẹ́…

Dúró ná.

Ẹ̀kẹfà: mẹ́rin. Mo pè é.

Dúró. Oúnjẹ ẹgbẹ́, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni. Fọ́ọ̀kì, ẹ̀rín, “he turns the screws”: ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ó sì ti gba ìbọn láti àárọ̀. Mo sì dá bóòtù padà ní… Ọjọ́bọ̀. Mo ti Vaughan dé, oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé, mo gbé ìbọn sórí tábìlì, mo nù ún, mo fi sípánà sí bóòtù iwájú láti mọ̀ bóyá ó ṣì wà ní márùndínlọ́gọ́ta. Ó wà níbẹ̀. Mo ní, ó dáa. Mo wá yí i padà.

Ọjọ́bọ̀.

Kò tíì sọ nǹkan kan. Kò tíì fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀. Kò tiẹ̀ sí nílé mi.

Nígbà náà, kí ló ṣe? Ó ní láti jẹ́ pé ó ṣe nǹkan kan ṣáájú. Èèyàn kì í… Bàbá ńkọ́? Bàbá! Tó bá pè mí láti ilé lọ́jọ́ Àìkú, ìgbà tí Doyin ń gbé lọ́dọ̀ mi. “Ọlárìndé, ṣé Doyin ti jẹun?” Kì í bèèrè bóyá èmi ti jẹun. Títí ó fi kú. Ó dáa, ìyẹn ni. Ìyẹn ló ń dùn mí…

Kò dùn mí. Mo ń bá Doyin sọ ọ́, à ń fi rẹ́rìn-ín. Doyin á gba fóònù: “Bàbá, Bọ̀dá ò tíì jẹun o, ẹ bèèrè tiẹ̀ náà!”

Ìyá rẹ̀ wá ńkọ́? Ìyá rẹ̀ kò bá ìyá mi jà rí. Àwọn méjèèjì ló jọ ń ta aṣọ òkè ní ṣọ́ọ̀bù kan.

Ọdún mẹ́rin tó fi gbé ilé mi. Ó dájú pé ó ṣẹ̀ mí nínú ọdún mẹ́rin. Ó ń fọ abọ́. Ó ń kí mi láàárọ̀. Nígbà tí ẹ̀yìn mi dá mi dùbúlẹ̀, òun ló ń dì mí mú lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ń kọ orin burúkú kí ojú má baà tì mí. Ó máa ń jẹ́ kí ìrẹsì jóná. Ó jẹ́ kí ìrẹsì jóná, ṣé kí n mú ìyẹn?

Ẹ̀keje, márùn-ún, oríire lásán. Ẹ̀kẹjọ: mẹ́ta. Mẹ́ta, lọ́tùn-ún. Ipò kejì ti lọ. Mo ń wo ìwé èsì ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ wa, ó ti kọjá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọta méje ṣì kù. Tó bá fi márùn-ún parí gbogbo rẹ̀, á padà síbẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Tí ìbọn bá lè dúró. Ẹni tí ìbọn rẹ̀ bá ní àléébù lè na ọwọ́ sókè, kó dè é, kó máa bá a lọ, wọn ò ní yọ nǹkan kan kúrò fún un. Ìṣẹ́jú kan. Sípánà wà nínú àpò rẹ̀, lápá ọ̀tún, èmi ni mo fi síbẹ̀.

Ó sún ìgbọ̀nwọ́ òsì rẹ̀ lórí ẹní. Mo rí i. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó ti ń ro pé òun ni. Ó ti kúrò lórí afẹ́fẹ́, ó ti dé orí ara rẹ̀: mímí òun ni, ìka òun ni, àìsùn òun ni, iṣẹ́ alẹ́ tó pọ̀ jù ni. Irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn. Á fi gbogbo ara rẹ̀ wá àléébù kó tó wo ọwọ́ mi.

Ó sì dùn mọ́ mi. Kí n má purọ́ fún ara mi. Ó dùn mọ́ mi bí omi tútù.

Ẹ̀kẹsàn-án. Ìbọn dún, pátákó wọlẹ̀…

Ó yíjú.

Kí ló ń yíjú sí? Kì í yíjú. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kúrò lára igi ìbọn, ó yí ọrùn, ó ń wò mí láti ilẹ̀ tó wà. Òógùn ti mú kí irun iwájú orí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Ojú rẹ̀… ojú ọmọ tó fẹ́ tọrọ nǹkan. Ohùn rẹ̀ kéré, Yorùbá ló fi sọ ọ́, kí ẹlòmíràn má baà gbọ́.

“Bọ̀dá mi, ẹ má bínú o. Ṣé mo lè yẹ bóòtù wò?”

Ẹ má bínú.

Ó ti mọ̀ pé bóòtù ni. Ọpọlọ rẹ̀ ti dé ibẹ̀. Sípánà ò ju ìwọ̀n apá kan lọ sí i. Ìbọn rẹ̀ ni. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni yọ̀ǹda fún un. Ó ń tọrọ ààyè lọ́wọ́ mi, ó tọrọ àforíjì ṣáájú ààyè, torí kó má baà dà bíi pé ó ń fura sí mi.

Òfin ní mi ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Òfin ò sọ pé mi ò gbọdọ̀ mi orí. Kí n gbé àgbọ̀n sísàlẹ̀, kí n gbé e sókè. Ẹ̀ẹ̀kan. Kò tó ìdámẹ́rin àyípo.

Pátákó gòkè.

“Mẹ́ta,” mo ní.

Ojú rẹ̀ wà lójú mi, ó ń dúró de èyí tó kù. Mo bojú wo ìwé mi. Mo kọ mẹ́ta.

“Ó dáa, Bọ̀dá mi. Ẹ má bínú.” Ó ti yíjú padà. Ó ti gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé igi. Ó gbà pé mo ti dá òun lóhùn: bóòtù ò ní nǹkan kan, òun ni. Ó ń mí, ó ń gbìyànjú láti mí dáadáa. Nítorí tèmi.

Kò sí ìdí kankan, àbí?

Mo ti wá a débi gbogbo, kò sí. Ní Vaughan, ẹnì kan wà tó ń fi ìwọ̀n yẹ gbogbo irin tí mo bá gé wò. Obìnrin kékeré kan, kì í kíni, kì í rẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kànlá, kò tíì dá ẹyọ kan padà fún mi rí. Irin tí mo bá gé fún un máa ń pé. Bóòtù Juliana ìbá pé tí mo bá bá a dè é. Ẹnikẹ́ni tó bá lè mú mi, iṣẹ́ rẹ̀ á mọ́, á dán, mi ò ní fi ìnípọn irun yà á. Mo ti ń fi ìyẹn pe ara mi ní ọmọlúàbí láti ọjọ́ yìí. Doyin nìkan… nínú gbogbo ayé yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló wà tí kì í wo ọwọ́ mi. Òun náà ni mo ṣe é fún. Kò sí ìbínú, kò sí ìlara pàápàá. Ọwọ́ mi tó o, kò sì sẹ́ni tó ń wò.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí. Mo jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta kí n tó mọ̀.

Ó ki ọta bọ ìbọn. Mo sún mọ́ awò. Ẹ̀yìn rẹ̀ gòkè, ó sọ̀kalẹ̀, ó dúró —

Ó dún.

Mo ń dúró de pátákó. Ó gòkè.

“Méjì,” mo ní, sókè, kó lè gbọ́ ọ dáadáa.